Àṣìtẹ̀ Kì Í Ṣe Ẹ̀bi Ìka

Ní ọdún 1974, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Xerox PARC tó wà ní Palo Alto, ìpínlẹ̀ California, Butler Lampson, Charles Simonyi àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ṣe ètò ìkọ̀wé kan fún kọ̀ǹpútà Alto. Bravo ni wọ́n pè é. Ohun ìyanu ni lásìkò rẹ̀, torí pé bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí lórí ìwé gan-an ló ṣe ń hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ipò méjì ni Bravo máa ń wà. Ní ipò kan, lẹ́tà tí ènìyàn bá tẹ̀ yóò wọ inú ìwé gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà. Ní ipò kejì, àṣẹ ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: E ní kí kọ̀ǹpútà mú gbogbo ìwé náà pátá, D ní kí ó pa ohun tí ó mú rẹ́, I ní kí ó múra láti gba ọ̀rọ̀ tuntun. Bí ẹnì kan bá wá rò pé ipò ìkọ̀wé lòun wà, tó sì tẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "edit", ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́ ni pé: mú gbogbo rẹ̀, pa á rẹ́, gba ọ̀rọ̀ tuntun, kí ọ̀rọ̀ tuntun náà sì jẹ́ t. Ìwé tó gùn tó ogójì ojú-ewé lè di lẹ́tà kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bravo ní àṣẹ ìdápadà, àmọ́ ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn nìkan ló lè dá padà, ìgbésẹ̀ tó sì kẹ́yìn ni fífi t síbẹ̀.

Àwọn tó mọ ìtàn kọ̀ǹpútà máa ń fi ìtàn yìí pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí a wò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí bọ́tìnnì tó bàjẹ́ nínú rẹ̀, iná kò lọ, kòkòrò kankan kò wọ inú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ọwọ́ tẹ ohun tí ọkàn fẹ́ kọ, síbẹ̀ iṣẹ́ parẹ́. Láti ìgbà náà wá, irú òfò yìí kò tíì dáwọ́ dúró: akẹ́kọ̀ọ́ sọ orí kan nínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nù, akọ̀wé ọ́fíìsì sọ àkọsílẹ̀ ìpàdé nù, ẹni tó ti ń kọ fọ́ọ̀mù láti àárọ̀ rí i tí ojú-ewé náà ṣófo. Ohun àkọ́kọ́ tí ó sì máa ń jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Èmi ni mo fà á." Mo fẹ́ fi ẹ̀rí hàn nínú orí yìí pé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi àṣẹ tí ń pa nǹkan rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àṣẹ tí ń pa nǹkan mọ́, tí kò sì ṣí ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀, ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀.

Donald Norman, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì California ní San Diego nígbà náà, là á yé wa nínú àwọn ohun tí ó kọ jáde ní 1981 àti 1983 pé àṣìṣe pín sí oríṣi méjì tí kò yẹ kí a dà pọ̀. Ọ̀kan ni àṣìṣe èrò: ènìyàn rò pé òun kò nílò fáìlì kan mọ́, ó pa á rẹ́, ó wá rí i ní ọ̀sẹ̀ kejì pé òun nílò rẹ̀. Ìkejì ni àṣìṣe ọwọ́: èrò tọ̀nà, ènìyàn mọ ohun tó fẹ́ ṣe gan-an, ọwọ́ ló yà síbòmíràn. Oògùn kan náà kò lè wo àwọn méjèèjì. Ẹ̀kọ́ lè mú àṣìṣe èrò kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ gan-an ló ń bí àṣìṣe ọwọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀wé a máa fi ojú wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Kò lè tètè ṣi Q tẹ̀ fún W. Nígbà tí iṣẹ́ bá mọ́ ọn lára, ojú á kúrò lórí kíbọọ̀dù, ọkàn á wà lórí ohun tó ń kọ, àwọn ìka á sì máa dá lọ fúnra wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ fi máa ń ṣe irú àṣìṣe yìí jù, tí ó sì fi máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Nínú àṣìṣe ọwọ́ náà, Norman ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀: èyí tó ń wáyé nítorí pé ẹ̀rọ wà ní ipò tí ẹni tó ń lò ó kò mọ̀ pé ó wà. Inú ẹ̀yà yìí ni ìtàn Bravo wà.

Larry Tesler, tó dé PARC ní 1973, kórìíra irú ipò bẹ́ẹ̀ débi pé NOMODES, ìyẹn ni pé kò sí ipò kankan mọ́, ló kọ sí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀. Òun àti Tim Mott ṣe Gypsy, ètò tí wọ́n gbé ka orí Bravo fún àwọn olóòtú ilé-iṣẹ́ ìwé Ginn. Nínú Gypsy, lẹ́tà ń jẹ́ lẹ́tà nígbà gbogbo. Irú èrò yìí ló wà lẹ́yìn ọ̀nà àbùjá orí kíbọọ̀dù tí a ń lò lónìí: bí ènìyàn bá fẹ́ pàṣẹ, kí ó di bọ́tìnnì kan mú, Ctrl tàbí Command, kí ó wá tẹ lẹ́tà. Ìka tó di bọ́tìnnì mú ń rántí fún ọkàn pé àṣẹ là ń pa. Nígbà tí Apple gbé kọ̀ǹpútà Lisa jáde ní 1983, Z, X, C àti V ni wọ́n fi ṣe ìdápadà, gígé, ẹ̀dà ṣíṣe àti lílẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ìsàlẹ̀ kíbọọ̀dù lápá òsì. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni. Mi ò sì sọ pé kí a pa àbùjá tì. Ẹni tó ń fi kíkọ jẹun kò lè máa wá gbogbo àṣẹ kiri pẹ̀lú máòsì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ipò tí Tesler lé jáde láti ẹnu ọ̀nà ti gba ojú fèrèsé wọlé padà. Ìka mọ̀ pé òun di Ctrl mú. Ohun tí kò mọ̀ ni inú ètò wo ni òun wà, apá wo lójú kọ̀ǹpútà ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́, àti irú kíbọọ̀dù wo ló wà lábẹ́ òun.

Ẹnìkan lè dáhùn pé kí oníkálukú kàn máa fara balẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí ti pẹ́, wọ́n sì ti dán an wò níbi tí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ewu. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà tó ń wa B-17 a máa gúnlẹ̀ láyọ̀ tán, kí wọ́n tó ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè nígbà tí ó ṣì ń sáré lórí ilẹ̀. Ikùn ọkọ̀ á sì gbo ilẹ̀. Àṣìṣe awakọ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ní 1943, wọ́n ní kí Alphonse Chapanis, ọ̀dọ́ onímọ̀ ìrònú kan, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó wo ibi ìjókòó àwọn awakọ̀, ó sì rí i pé ohun tí wọ́n fi ń ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń darí abala ẹ̀yìn ìyẹ́ jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì rí bákan náà. Ó fi nǹkan tó rí bíi táyà kékeré sórí ti ẹsẹ̀, ó fi èyí tó rí bí ìyẹ́ sórí ìkejì, kí ọwọ́ lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ láìwò. Àṣìṣe náà kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 1947, Paul Fitts àti Richard Jones tú ìrírí 460 wò, nínú èyí tí àwọn awakọ̀ ti ṣi ohun ìdarí lò. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ pé ohun ìdarí kan ni wọ́n ṣì mú fún òmíràn. Àwọn awakọ̀ wọ̀nyí gba ẹ̀kọ́ tó le, wọ́n mọ̀ pé ikú ni ìjìyà àìfarabalẹ̀, síbẹ̀ ìfarabalẹ̀ kò gbà wọ́n. Báwo ni yóò ṣe gba ẹni tó ń tẹ lẹ́tà lójú oorun kí ìwé lè dé ọwọ́ olùkọ́ lówùúrọ̀?

Ẹ wá wo kíbọọ̀dù pẹ̀lú ojú Chapanis. Q àti W fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Lórí Mac, Command àti W ń pa fèrèsé kan ṣoṣo dé, Command àti Q ń pa gbogbo ètò náà dé pátá. Búráúsà Firefox náà rí bẹ́ẹ̀ lórí Linux pẹ̀lú Ctrl. Ẹni tó fẹ́ pa tábù kan tí kò nílò mọ́ lè fi ìka tó yẹ̀ díẹ̀ pa ogún tábù, àti ọ̀rọ̀ tó ń kọ sínú ọ̀kan nínú wọn. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni A àti S, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí ewu rárá. Ctrl àti S ń fi iṣẹ́ pamọ́. Ctrl àti A ń mú gbogbo iṣẹ́, láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé kí ó máa fi iṣẹ́ pamọ́ lóòrèkóòrè ń na ìka sí S lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Bí ìka bá yẹ̀ sápá òsì lẹ́ẹ̀kan, tí ojú sì wà lára ìwé tí ó ń dà kọ, lẹ́tà tí ó bá tẹ̀ tẹ̀ lé e yóò rọ́pò gbogbo iṣẹ́ náà. Ìyẹn ni pé ohun tí Bravo nílò lẹ́tà mẹ́rin láti ṣe ní 1974, kọ̀ǹpútà òde òní ń ṣe é pẹ̀lú méjì. Ẹni tó ń pa ìmọ̀ràn ìfarabalẹ̀ mọ́ jù lọ, tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ ní gbogbo ìgbà, ni ewu yìí sì sún mọ́ jù.

Yàtọ̀ sí ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, àbùjá kan náà tún lè máa sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ètò ìkọ̀wé WordStar tó gbòde ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti nínú àwọn ọdún 1980, Ctrl àti Y ń pa ìlà kan rẹ́. Nínú Emacs, ètò ìkọ̀wé mìíràn, ó ń lẹ ohun tí a gé. Nínú Word lórí Windows, ó ń ṣe ohun tí a ti dá padà ní àtúnṣe. Ctrl àti W ń pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ fún ẹni tó ń tẹ àṣẹ sínú tẹ́mínà Unix. Bí ó bá ṣí irú tẹ́mínà bẹ́ẹ̀ nínú búráúsà, ó lè pa gbogbo tábù náà dé. Èyí tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ ló dùn mí jù. Nínú àpótí ìkọ̀rọ̀, Shift àti Delete túmọ̀ sí pé kí a gé ọ̀rọ̀, kí a lè lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Ogún tí IBM fi sílẹ̀ láti ọdún 1987 ni. Nínú fèrèsé tí a ti ń to fáìlì, Shift àti Delete kan náà túmọ̀ sí pé kí a pa fáìlì rẹ́ láìgba inú àpótí ìdọ̀tí kọjá. Ìka kan náà, bọ́tìnnì kan náà, ẹ̀rọ kan náà: níhìn-ín ó ń gbé nǹkan kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, lọ́hùn-ún ó ń sọ ọ́ nù pátápátá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ti àkọ́kọ́ láti ọgbọ̀n ọdún, ta ni yóò bá a wí bí ó bá gbé e dé ìkejì?

A ní ẹ̀rí tí a fi òǹkà gbé kalẹ̀ lórí ọ̀kan nínú irú àwọn àbùjá wọ̀nyí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bọ́tìnnì Backspace ní iṣẹ́ méjì nínú búráúsà. Bí atọ́ka bá wà nínú àpótí ìkọ̀rọ̀, ó ń pa lẹ́tà kan rẹ́. Bí atọ́ka bá ti kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ènìyàn ṣàkíyèsí, ó ń gbé ènìyàn padà sí ojú-ewé tó ti kúrò, fọ́ọ̀mù tó ti kọ dé ìdajì á sì dòfo. Àwọn tó ń ṣe Chrome ka iye ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n rí i pé 0.04% gbogbo ojú-ewé tí àwọn ènìyàn ń wò ni wọ́n fi Backspace padà sẹ́yìn, àti pé 0.005% ló jẹ́ lẹ́yìn tí ẹni náà ti fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá yára wo òǹkà yìí yóò ní kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ dáadáa. Nínú ìgbà mẹ́jọ tí ẹnìkan fi Backspace padà sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan wáyé lẹ́yìn ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan. Bí a bá sì wo iye ojú-ewé tí gbogbo ayé ń ṣí lóòjọ́, márùn-ún nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún kì í ṣe ohun kékeré mọ́. Ní 2016, Chrome 52 gba iṣẹ́ kejì náà lọ́wọ́ Backspace. Firefox 87 ṣe bákan náà ní 2021, wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé nítorí kí fọ́ọ̀mù má baà ṣòfò ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn pé kí wọ́n máa wo atọ́ka kí wọ́n tó tẹ Backspace. Ẹni tó to bọ́tìnnì ló tún un tò, òfò náà sì dópin.

Fún Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí ní apá kan tí àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà fọwọ́ kàn. Kíbọọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, tí ìlà òkè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú QWERTY, ni a ń lò ní Nàìjíríà. Ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo, ti Faransé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AZERTY ló gbòde. A àti Q pààrọ̀ àyè láàárín àwọn méjèèjì. Z àti W náà pààrọ̀ àyè. X, C àti V kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Ẹ wá ro ti ẹni tó kọ́ títẹ̀wé ní Ìbàdàn, tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Porto-Novo tàbí ní Kétu. Ó gé ọ̀rọ̀, ó lẹ̀ ẹ́, méjèèjì jẹ́ fún un, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ọwọ́ òun mọ ibi tó ń lọ. Ó wá ṣe àṣìṣe kékeré kan, ó sì na ìka síbi tí Z máa ń wà láti dá a padà. W ló wà níbẹ̀. Ctrl àti W kì í dá nǹkan padà. Ó ń pa ìwé tàbí tábù dé ni. Bí ó bá na ọwọ́ sí A láti mú gbogbo ọ̀rọ̀, Q ló bá pàdé, Ctrl àti Q sì ń pa ètò dé nínú ọ̀pọ̀ ètò orí Linux. Ẹni tó ti Porto-Novo wá sí Ìbàdàn yóò bọ́ sínú ọ̀fìn kan náà, torí pé pàṣípààrọ̀ ni: ibi tí Z wà lórí tirẹ̀, W ló wà níbẹ̀ lórí ti wa. Lápá méjèèjì ibodè, bọ́tìnnì tí ènìyàn ń sá tọ̀ fún ìgbàlà ni bọ́tìnnì tí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní Jámánì, Y àti Z ló pààrọ̀ àyè, nítorí náà ẹni tó fẹ́ dá nǹkan padà lè tún un ṣe dípò rẹ̀. Ìyẹn kò le tó tiwa.

Àmì orí àti ìdí lẹ́tà wa tún mú ewu mìíràn wá. Àwọn kíbọọ̀dù Yorùbá kan gbé àwọn lẹ́tà bíi ẹ, ọ àti ṣ, tàbí àmì ohùn, sórí bọ́tìnnì AltGr tó wà lápá ọ̀tún. Lórí Windows, AltGr jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú Ctrl àti Alt tí a dì mú pọ̀. Bí ètò kan bá ti sọ Ctrl, Alt àti lẹ́tà kan di àbùjá fún iṣẹ́ kan, ẹni tó ń tẹ lẹ́tà èdè rẹ̀ yóò máa pàṣẹ láìmọ̀. Raymond Chen ti Microsoft kọ ìkìlọ̀ lórí èyí ní 2004, pé kí àwọn tó ń ṣe ètò má ṣe fi Ctrl àti Alt ṣe àbùjá. Ìkìlọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ní 2015, Marcin Wichary ti ìkànnì ìkọ̀wé Medium ṣàlàyé ìdí tí lẹ́tà ś àwọn ará Poland fi kọ̀ láti jáde nínú ibi ìkọ̀wé Medium: wọ́n ti dí Ctrl àti S lọ́wọ́ kí búráúsà má baà gbìyànjú láti fi ojú-ewé pamọ́, àwọn ará Poland sì ń fi AltGr àti S tẹ ś. Gbogbo lẹ́tà ń jáde àfi ẹyọ kan yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ś wọn lè ṣẹlẹ̀ sí ṣ wa níbikíbi tí ẹni tó ṣe ètò kò ti rántí pé èdè tó ju Gẹ̀ẹ́sì lọ wà láyé.

Àtakò tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé ìkìlọ̀ ti wà: kọ̀ǹpútà a máa béèrè bóyá ó dá ènìyàn lójú. Ìkìlọ̀ kì í wo àṣìṣe ọwọ́ sàn. Ìbéèrè tó máa ń jáde lójoojúmọ́, tí ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni nígbà gbogbo, yóò di ara àṣà ọwọ́. Ìka tó tẹ Delete ti mọ̀ pé Enter ló kàn, yóò tẹ méjèèjì kí ojú tó ka gbólóhùn náà tán. Jef Raskin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Macintosh ní Apple, fi èyí hàn yékéyéké nínú ìwé rẹ̀ The Humane Interface ní 2000. Kódà níbi tí ènìyàn ti ka ìkìlọ̀ náà, ó lè má bá ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mu. Ní 2017, ẹnìkan tó ń lo Visual Studio Code, ètò tí àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fi ń kọ iṣẹ́ wọn, ké gbàjarè pé iṣẹ́ oṣù mẹ́ta òun, nǹkan bí fáìlì 5000, ti lọ. Ó ti ní kí ètò náà sọ àyípadà nù. Ó rò pé àkọsílẹ̀ àyípadà ni yóò lọ, ètò náà sì kó àwọn fáìlì fúnra wọn dànù. Ìkìlọ̀ jáde, ó tilẹ̀ sọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá pé kò ní ṣe é dá padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn lo ìkìlọ̀ yẹn láti fi bú u. Èmi rí ẹ̀rí òdìkejì nínú rẹ̀: bí ẹni tó ṣe ètò bá mọ̀ pé ohun kan kò ṣe é dá padà, débi pé ó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, ó ti mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí, ó kàn gbé iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́rùn.

Ìṣòro títẹ̀ ṣàǹfààní ju ìbéèrè lọ. David Bradley, tó wà lára àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà IBM tó jáde ní 1981, nílò àbùjá tí yóò tún ẹ̀rọ tàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ctrl, Alt àti Esc ló kọ́kọ́ lò. Wọ́n rí i pé ọwọ́ òsì nìkan lè ṣèèṣì kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì fi Del tó wà lápá kejì kíbọọ̀dù rọ́pò Esc, kí ó lè gba ọwọ́ méjèèjì. Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún gbogbo àṣẹ tí ń pani lára nìyẹn. Chrome lórí Mac ní irú rẹ̀: ènìyàn lè tò ó kí ó jẹ́ pé àfi bí òun bá di Command àti Q mú pẹ́ díẹ̀ ni yóò tó pa dé. Firefox lórí Windows fi Shift kún Ctrl àti Q.

Ṣùgbọ́n ìdápadà ni oògùn gan-an, ó sì ti pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n. Ètò FRESS tí Andries van Dam àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Brown ní 1968 ní i. Ní 1976, Lance Miller àti John Thomas ti IBM kọ ọ́ sílẹ̀ pé yóò wúlò bí ènìyàn bá lè gba ó kéré tán àṣẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa padà. Ìdápadà kì í bi ènìyàn ní ìbéèrè kankan ṣáájú. Ó gbà pé ọwọ́ yóò ṣìṣe, ó sì ń dúró de ìgbà tí ojú bá rí i. Gmail lo èrò yìí fún lẹ́tà fífiránṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ rò pé kò ṣe é dá padà: ó dá lẹ́tà náà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí ọgbọ̀n, kí ẹni tó bá ti rí àṣìṣe lè pè é padà. Wọ́n dán an wò láti 2009, wọ́n sì fún gbogbo ènìyàn ní 2015.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí nígbà náà, torí pé ètò òde òní ní ìdápadà, ó sì ń fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀. Ó ku díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ètò, ìdápadà ń kú lọ́jọ́ tí a bá pa ìwé dé, èyí tí ó túmọ̀ sí pé Ctrl àti W ń pa iṣẹ́ àti oògùn iṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá sì dá ogún ìgbésẹ̀ padà kí ó lè wo ohun tó kọ láàárọ̀, tó wá ṣèèṣì tẹ lẹ́tà kan níbẹ̀, kò ní rí ogún ìgbésẹ̀ náà gbà mọ́. Ẹ̀ka tuntun ti gba ipò wọn. Vim 7, ètò ìkọ̀wé tó jáde ní 2006, ń pa gbogbo ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù kò fi ṣe bẹ́ẹ̀? Ní ti fífi pamọ́ láìbéèrè, ẹni tó tẹ A dípò S yóò rí i pé òfò náà ni wọ́n bá a fi pamọ́, lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń gbà á ni àkójọ ẹ̀dà àtijọ́, irú èyí tó wà nínú Google Docs àti èyí tí Apple fi sínú Mac ní 2011. Níbi tí àkójọ bẹ́ẹ̀ kò bá sí, fífi pamọ́ láìbéèrè tún jẹ́ ewu.

Àtakò tó ní agbára jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú: ọwọ́ wọn ti mọ́ àbùjá, bí a bá yí i padà, àwa ni yóò sọ wọ́n di ẹni tó ń ṣìṣe. Òótọ́ ni. Nígbà tí Chrome mú Backspace kúrò, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ráhùn gan-an, Google sì ṣe àfikún kan fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ padà. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: kí ohun tó wà fún gbogbo ènìyàn jẹ́ èyí tí kò lè pa iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹni tó bá fẹ́ ewu lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Bí a bá fi ọwọ́ ẹnì kan tó ti mọ́ ọn ṣe ìdí tí Shift àti Delete kò fi gbọdọ̀ yí padà, a ń fi iṣẹ́ gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn san gbèsè ọdún 1987.

Kí àwọn tó ń ṣe ètò tó ṣe ojúṣe wọn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parẹ́ kò gbọdọ̀ pa ìwé dé, kò sì gbọdọ̀ tẹ ohunkóhun mìíràn ṣáájú Ctrl àti Z. Bí tábù ló lọ, Ctrl, Shift àti T ń ṣí i padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú fọ́ọ̀mù lè má bá a wá. Ẹni tó ń lo kíbọọ̀dù ibòmíràn lè yí ètò lẹ́tà rẹ̀ sí èyí tó mọ́ ọn lára, kí ó sì gbà pé ohun tí a kọ sórí bọ́tìnnì kò ní bá ohun tí yóò jáde mu. Ọ́fíìsì, ilé-ìwé àti ilé-iṣẹ́ ìròyìn tó fẹ́ ra ètò tuntun ní agbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé owó ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n ṣí ìwé kan nínú rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí wọ́n kọ ojú-ewé kan, kí wọ́n tẹ Ctrl àti A, kí wọ́n tẹ lẹ́tà kan, kí wọ́n fi pamọ́, kí wọ́n pa ètò náà dé, kí wọ́n tún un ṣí, kí wọ́n wá ní kí ó fi ojú-ewé àkọ́kọ́ hàn wọ́n. Bí kò bá lè fi í hàn, kí wọ́n má ra á.